WÀRÀ TÍ KÒ KORÒ, TÍ KÌ Í SÌ Í TÈTÈ BÀJẸ́: BÍ A ṢE Ń ṢE É ÀTI BÍ A ṢE Ń SÈ É

 

Ọ̀rọ̀ wàrà la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé nítòsí gáà Fúlàní, ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe rí. Mílíìkì tí wọ́n fún lára màlúù ní kùtùkùtù, bí oòrùn bá ti mú, kì í pẹ́ kó tó kan. Ọ̀pọ̀ gáà ni kò ní iná mànàmáná, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti fíríìjì, ọjà sì jìnnà. Màlúù ilẹ̀ wa kì í ṣe irú èyí tí ń fún bókẹ́ẹ̀tì kún. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀ tán, líta kan tàbí méjì lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún èèyàn. Tí ìwọ̀nba yìí bá tún wá kan, òfò gbáà ni. Wàrà ni àwọn ìyá Fúlàní ti ń fi gba owó náà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin Yorùbá náà ti wà nídìí iṣẹ́ yìí báyìí. Àwọn kan ń ra mílíìkì ní gáà, wọ́n ń ṣe é fúnra wọn, àwọn mìíràn ń ra wàrà tó ti dì, wọ́n ń dín in tà.

Kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́, wàrà ni àwọn àgbà ń pe mílíìkì gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú Bíbélì Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dé ọjà tó ní òun fẹ́ ra wàrà, èyí tó dì, tó funfun, tó wà nínú omi rẹ̀, ni wọn ó mú fún un. Èyí tó dì yìí ni mò ń pè ní wàrà nínú ìwé yìí. Èyí tó ṣì jẹ́ omi, mílíìkì ni mo pè é. Àwọn mìíràn a máa pe èyí tó dì ní wàràkàṣì, bí ẹ bá sì sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, wàgàṣì lẹ ó gbọ́. Nǹkan kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ ṣe àfihàn wàrà ṣíṣe fún ẹgbẹ́ obìnrin kan. Mo ti kà á nínú ìwé, ó dá mi lójú. Igi tí a ní lọ́jọ́ náà tutù, èéfín bo gbogbo wa lójú. Kí mílíìkì lè tètè dì, mo da omi ewé sí i lọ́pọ̀. Lóòótọ́ ó dì, kíá. Inú mi dùn, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a tọ́ ọ wò, ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ìyá Fúlàní kan tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ọmọ mi, ewé ló dì í, iná ò tíì sè é." Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ra mílíìkì ọjọ́ náà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa wàrà ṣíṣe: dídì yàtọ̀, jíjinná yàtọ̀.

KÍ NI EWÉ Ń ṢE, KÍ NI INÁ Ń ṢE?

Ewé bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ mọ̀ ọ́n: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó dà bíi pé wọ́n bu eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lára, oje funfun sì máa ń jáde bí ẹ bá já a. Ó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti ní ilẹ̀ tí a ti pa tì. Oje yẹn ló ní agbára. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń fi ewé ìbẹ́pẹ wé ẹran tó yi kó lè tètè rọ̀, ẹ ti mọ irú agbára náà tẹ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú oje ìbẹ́pẹ tó ń já ẹran sí wẹ́wẹ́, irú rẹ̀ ló wà nínú oje bọ̀mùbọ̀mù. Bó bá bọ́ sínú mílíìkì tó gbóná, ó máa ń gé ohun tí kò jẹ́ kí ara mílíìkì so pọ̀, mílíìkì á wá dì. Abájọ tí àwọn kan fi ń lo ewé ìbẹ́pẹ fúnra rẹ̀ níbi tí bọ̀mùbọ̀mù kò bá sí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oje yìí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí a kò bá dá a dúró, á máa gé wàrà náà lọ títí, èyí tó sì gé kéékèèké jù ló ń korò lẹ́nu. Iná ló ń dá a dúró. Bí ìkòkò bá hó dáadáa, agbára oje á kú, òórùn ewé náà á sì lọ.

Iṣẹ́ kejì tí iná ń ṣe tún ju ìyẹn lọ. Mílíìkì tí a kò sè lè gbé àrùn láti ara màlúù wá sára èèyàn. Màlúù tó ní ikọ́ ife lè kó o ran ẹni tó bá mu mílíìkì rẹ̀ ní tútù. Àrùn mìíràn tún wà tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní brucellosis, èyí tó máa ń mú kí màlúù ṣẹ́ oyún. Bí èèyàn bá kó o, ara rẹ̀ á máa gbóná, á tún lọ sílẹ̀, á tún padà, oríkèé-ríkèé á máa ro ó, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀pọ̀ á rò pé ibà ẹ̀fọn ni, wọn á máa lo oògùn ibà láìrí ìwòsàn. Híhó dáadáa ń pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ẹni tó bá wá yọ wàrà kúrò lórí iná nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, nítorí kó lè fi igi méjì pamọ́, àwọn ọmọ oníbàárà rẹ̀ ló ń fi ṣeré.

Ìgbà òjò ni koríko tutù, tí mílíìkì máa ń pọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni igi kì í gbẹ. Ẹ ti máa to igi sábẹ́ òrùlé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Òwúrọ̀ ni kí ẹ ra mílíìkì. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife, ẹ gbé e ka iná. Bí ó bá dì kí ẹ tó fi ewé kankan sí i, ó ti ń kan nìyẹn, wàrà rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́, kò ní gbè. Ẹ bi oní-màlúù bóyá wọ́n gún èyíkéyìí nínú ẹran náà lábẹ́rẹ́ láìpẹ́ yìí. Oògùn tí wọ́n fi tọ́jú màlúù máa ń wà nínú mílíìkì rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, iná kò sì lè lé e lọ. Iye ọjọ́ tí dókítà ẹran bá ní kí wọ́n dúró ni kí wọ́n dúró. Ní ti àwọn tó ń bu omi lu mílíìkì, wàrà náà ló máa tú àṣírí wọn. Bí líta márùn-ún bá jẹ́ ojúlówó, ó yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi kílò kan wàrà. Bí ohun tí ẹ ń rí bá ti kéré sí ìyẹn gan-an lójoojúmọ́, ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé líta márùn-ún ni. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú ìkòkò tó tóbi, torí ó máa ru. Ẹ fọ ewé yín. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé mẹ́ta tí kò tóbi tí kò kéré fún líta kan. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ mílíìkì díẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ nìkan lẹ fẹ́. Ewé kan lágbára ju òmíràn lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán ṣíbí kan wò nínú ife mílíìkì gbígbóná kan kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò. Ó sàn kó kéré kí ẹ fi kún un ju kó pọ̀ lọ, torí ẹ kò lè yọ ọ́ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má jẹ́ kí oje bọ̀mùbọ̀mù kan ojú yín. Ó lè ba ojú jẹ́ gidigidi. Ẹ má rán ọmọdé lọ já a, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín bí ẹ bá ti gún un tán. Bó bá ta séèyàn lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Iná jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí tó mọ́ kán mílíìkì sẹ́yìn ọwọ́. Bó bá gbóná tó ta yín díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bó yín, àkókò ti tó láti da omi ewé sí i. Ẹ koná mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má bàa jó. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ó ń pín sí méjì, funfun ń kóra jọ, omi kan tó dà bí omi àgbọn ń yọ láàárín rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti sọ ìkòkò tèmi kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn. Ẹ̀yin ẹ má sọ ọ́. Ẹ dáwọ́ rírò dúró kí ẹ má bàa fọ́ ọ, kí ẹ sì jẹ́ kó hó. Láti ìgbà tó bá ti ń hó káàkiri ojú ìkòkò, ó kéré tán kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago wà lára fóònù gbogbo wa báyìí, ẹ wò ó, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké tí omi lè jò lára rẹ̀, ẹ gbé awo sísàlẹ̀ kí ẹ fi gba omi rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Láàárín wákàtí kan, á ti gbá jọ bí agbọ̀n rẹ̀ ṣe rí. Agbọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò fún gbogbo rẹ̀ kí oníbàárà lè mọ ohun tó ń ra, kí ẹ̀yin náà sì lè mọ èrè yín. Ẹ kọ owó mílíìkì, owó igi àti owó ọkọ̀ sínú ìwé kékeré. Mo ti rí ìyá tó rò pé òun ń jèrè, nígbà tí a ṣírò igi mọ́ ọn, kò ku nǹkan kan.

TÍTỌ́JÚ RẸ̀

Wàrà tó ti hó dáadáa mọ́ nígbà tó kúrò lórí iná. Ọwọ́ wa ló ń dọ̀tí rẹ̀. Agbọ̀n tí wọn kò fọ̀ látàná, omi kànga tí wọ́n bù lé e, oníbàárà mẹ́wàá tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò kí ọ̀kan tó rà á: ohun tó ń jẹ́ kó kan lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ẹ fi omi híhó ṣan agbọ̀n, ẹ sá a sóòrùn. Omi wàrà náà tó ti hó ni kí ẹ fi pa á mọ́, kì í ṣe omi kànga. Ẹ bo abọ́ yín, kí ẹ sì ní ṣíbí ńlá tí ẹ ó máa fi mú un fún oníbàárà.

Láìsí fíríìjì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá ń tún un hó nínú omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ nínú omi náà tún ń ṣèrànwọ́. Èyí tí ẹ bá dín gbẹ ló ń pẹ́ jù. Àwọn ará Benin máa ń fi pòròpórò ọkà bàbà sè é kó lè pupa, ó sì máa ń fa ojú mọ́ra lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ pupa pé kò ní bàjẹ́. Ẹ má sì fi aró aṣọ rọ́pò rẹ̀ láé.

Bí wàrà bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Àwọn kan á ní kí a dín in, pé iná á pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Iná á pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kòkòrò kan ti tu sílẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, òun ló ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Ẹnikẹ́ni tó bá ra wàrà lọ́jà, kó kọ́kọ́ hó o fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú omi oníyọ̀ nígbà tó bá délé. Ẹ kò mọ ọwọ́ tó ti kàn án.

Ohun tó dára jù lára wàrà wa ni pé kì í yọ́. Ṣíìsì òyìnbó tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì, bí ẹ bá jù ú sínú ọbẹ̀ gbígbóná, á yọ́ mọ́ ọbẹ̀ ni. Ti wa ti jinná tẹ́lẹ̀, ó ti gbè, ó lè wà nínú ọbẹ̀ fún wákàtí kan kó má tú. Nítorí ìyẹn ló ṣe lè ṣiṣẹ́ ẹran nínú ìkòkò, ó sì jẹ́ oúnjẹ aṣaralóore tó ń gbé ara àti eegun àwọn ọmọ wa ró. Ní ọjọ́ tí ẹran bá wọ́n, ẹ rántí rẹ̀.

Díndín ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ẹ gé e bí ẹ ṣe ń gé dùndú, ẹ bu iyọ̀ àti ata gígún sí i, kí ẹ fi í sínú asẹ́ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi ara rẹ̀ lè jò. Ẹ má fò ó. Wàrà tó bá tutù nini ni epo máa ń ta lé èèyàn lọ́wọ́. Epo gbọ́dọ̀ gbóná kí ẹ tó jù ú sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á mu epo yó, á sì lẹ̀ mọ́ ìdí agbada. Ẹ yí i padà nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n. Bó bá pọ́n yíká bí àkàrà, ẹ kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ má ta èyí tó funfun láàárín tó ṣì ń ṣomi. Ìyẹn kì í dé alẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni ti inú ọbẹ̀. Ẹ dín in fẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú rẹ̀ ṣáà le. Ẹ din ata àti tòmátò yín, ẹ jẹ́ kí kíkan rẹ̀ lọ, kí ẹ wá da wàrà sí i, ẹ bo ìkòkò, ẹ dín iná kù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ata lè wọ inú rẹ̀. Wàrà fúnra rẹ̀ kò ní adùn púpọ̀, ohun tí ẹ bá fún un ló ń mu. Nítorí náà kí ata, àlùbọ́sà àti irú pé dáadáa. Àmàlà ló bá a lọ jù, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Benin pẹ̀lú. Nínú ẹ̀fọ́ rírò ẹlẹ́gùúsí, ẹ má tilẹ̀ dín in. Ẹ hó o, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ ya á sí wẹ́wẹ́, ẹ dà á sí ẹ̀gúsí nígbà tó bá ti gbè, ẹ̀fọ́ á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ibi tí ẹ̀gúsí parí sí tí wàrà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ iyọ̀ o, ẹ ti fi iyọ̀ hó wàrà tẹ́lẹ̀.

Fún ọmọ tó ti ń jẹ oúnjẹ ilé, ẹ hó o láìfi ata sí i, ẹ gún un kúnná, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná tàbí ẹ̀wà tó ti rọ̀. Ní òwúrọ̀ ni kí ẹ fún un, lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, ẹ má fi ìyókù pamọ́ dè é di ọ̀la.

Ẹ̀yin tí kò sí màlúù lágbègbè yín, ẹ ti mọ wàrà sóyà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń dì í, omi ògì kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dín in àti bí a ṣe ń fi í se ọbẹ̀ kò yàtọ̀. Omi sóyà náà gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí ẹ tó dì í, torí sóyà tútù ń da inú rú.

Omi tó bá ṣẹ́kù lára wàrà, ẹ má dà á sódò. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá ń mu ún, bó bá ti tutù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kí inú wọn lè gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ kí a wá ṣe àfihàn rẹ̀ ní abúlé yín, kí ẹgbẹ́ yín bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lágbègbè yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ̀yin ni kí ẹ pèsè mílíìkì, ìkòkò àti igi gbígbẹ. Èmi á mú ewé àti agbọ̀n wá.